Amọ̀nà àti Àlejò: Àyẹ̀wò Ìtàn Ìrìn-àjò sí Orílẹ̀-èdè Kòríà Àríwá

1. Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí kì í ṣe èébú fún àlejò. Ohun tí ó ń sọ ni pé ojú nìkan kò tó láti mọ ilé onílé. Ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ rí ẹni tí yóò júwe rẹ̀ fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, báwo ni yóò ti rí ní ìlú tí ó jẹ́ pé ìjọba ni ó yan ẹni tí yóò júwe, ohun tí yóò júwe, àti ọ̀nà tí àlejò yóò gbà wọlé tí yóò sì gbà jáde? Kòríà Àríwá ni orílẹ̀-èdè tí ìbéèrè yìí bá mu jù lọ lónìí. Láti apá ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ láti Yúróòpù, ìwé àti fíìmù tí àwọn àlejò ṣe nípa rẹ̀ ti pọ̀ tó ohun tí a lè pè ní ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kan fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ máa ń bi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ṣé òótọ́ ni òǹkọ̀wé rí ni, àbí wọ́n tàn án jẹ? Èrò tí bébà yìí gbé kalẹ̀ ni pé ìbéèrè náà kò tó. Kò sí ìtàn ìrìn-àjò sí Kòríà Àríwá tí amọ̀nà kò sí nínú rẹ̀. Amọ̀nà ni ògbufọ̀, òun ni olùṣọ́, òun náà sì ni ẹnì kan ṣoṣo láàrin àwọn ọmọ ìlú náà tí àlejò bá sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Nígbà tí ìwé bá jáde, òǹkọ̀wé ti wà nílé rẹ̀; amọ̀nà ṣì wà ní Pyongyang. Nítorí náà, ọwọ́ tí òǹkọ̀wé fi mú amọ̀nà lórí ìwé jẹ́ ohun tí ó yẹ kí a fi wọn iṣẹ́ rẹ̀, yálà ní ti ọgbọ́n ìsọ̀tàn ni o, tàbí ní ti ìwà ọmọlúàbí.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni àyẹ̀wò yìí dá lé: Pyongyang, ìwé ìtàn aláwòrán tí Guy Delisle tẹ̀ jáde ní èdè Faransé ní 2003, fíìmù tí Vitaly Mansky, olùdarí fíìmù láti Rọ́ṣíà, ṣe ní 2015, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí Under the Sun, àti ìrìn-àjò Michael Palin, tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ọ̀nà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà wọ ìlú náà kò dọ́gba, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó rìn láìsí amọ̀nà.

2. Ìlànà Ìrìn-àjò Náà

Ó yẹ kí a mọ bí ìrìn-àjò ṣe rí kí a tó lè mọ ìtàn tí ó bí. Kí ìjọba Kòríà Àríwá tó ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2020 nítorí àrùn COVID-19, Beijing ní ilẹ̀ Ṣáínà ni ọ̀pọ̀ àlejò máa ń gbà lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń kó èrò lọ, bíi Koryo Tours tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ti máa ń ka òfin sí wọn létí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá jáde kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ya àwòrán sójà. Bí àlejò bá ya àwòrán ère àwọn olórí, ère náà gbọ́dọ̀ hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Ìwé ìròyìn tí àwòrán olórí bá wà lójú rẹ̀ kò ṣeé ká, kò sì ṣeé jù sínú pàǹtírí. Amọ̀nà méjì, ó kéré tán, ni ó máa ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú awakọ̀ kan. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé sì gbà pé èkejì wà níbẹ̀ láti máa ṣọ́ èkíní.

Àwọn ibi tí wọ́n ń mú àlejò lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wọn yóò mú un lọ sí òkè Mansudae, níbi tí ère idẹ Kim Il Sung ti wà láti 1972, tí ti ọmọ rẹ̀, Kim Jong Il, sì dara pọ̀ mọ́ ọn ní 2012. Àlejò yóò fi òdòdó sílẹ̀, yóò sì tẹrí ba. Wọn yóò mú un gun ilé ìṣọ́ Juche, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 170 mítà, tí wọ́n sì kọ́ ní 1982 nígbà tí Kim Il Sung pé ẹni 70 ọdún. Wọn yóò mú un wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1973. Bí àkókò bá gbà, wọn yóò mú un dé òkè Myohyang, níbi tí wọ́n ti kó àwọn ẹ̀bùn tí òkèèrè fi ránṣẹ́ sí àwọn olórí jọ sínú ilé ńlá kan tí wọ́n ṣí ní 1978.

Ìdí nìyí tí ìwé ìrìn-àjò sí Kòríà Àríwá fi ń jọra wọn bí ẹni pé ẹnu apohùn kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹni tí ó ṣètò ìrìn-àjò ti ṣètò orí ìwé kọ̀ọ̀kan kí òǹkọ̀wé tó mú kálàmù. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ òǹkọ̀wé ni ohùn tí yóò fi sọ ọ́.

Ìrìn-àjò náà kì í sì í ṣe eré lásán. Ní oṣù kìíní ọdún 2016 ni wọ́n mú Otto Warmbier, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò lọ, lórí ẹ̀sùn pé ó fẹ́ jí pátákó ìpolongo kan ní hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára fún un. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 ni wọ́n dá a padà sílé láìmọ ibi tí ó wà, ó sì kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de lílo ìwé ìrìnnà rẹ̀ láti lọ síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá lè rí báyìí fún àlejò tí orílẹ̀-èdè ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí òǹkàwé fi ojú inú wo bí yóò ti rí fún ọmọ ìlú tí kò ní ibòmíràn tí yóò sá lọ.

3. Oríkì àti Ẹ̀fẹ̀

Ọ̀nà méjì ni àwọn òǹkọ̀wé ti máa ń gbà sọ ìtàn ìrìn-àjò tí ìjọba darí. Ọ̀nà kìíní sún mọ́ oríkì. Kòríà Àríwá kọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1935, Sidney àti Beatrice Webb tẹ ìwé ńlá kan jáde nípa ìjọba Soviet, tí wọ́n pè é ní ọ̀làjú tuntun. Wọ́n fi àmì ìbéèrè parí àkọlé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1937, ní ọdún tí Stalin ń pa àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n yọ àmì ìbéèrè náà kúrò. André Gide, òǹkọ̀wé ọmọ Faransé, lọ sí ilẹ̀ kan náà ní 1936 gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, wọ́n sì kẹ́ ẹ, wọ́n gẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ó padà délé, ó kọ ìwé tí ó fi hàn pé ìkẹ́ náà gan-an ni ó jẹ́ kí ó fura. Ní ti Kòríà Àríwá, Luise Rinser, òǹkọ̀wé ọmọ Jámánì, tẹ ìwé ìrántí ìrìn-àjò rẹ̀ jáde ní 1981, ìyìn ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kejì sún mọ́ ẹ̀fẹ̀, òun ni ó sì gbilẹ̀ láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Òǹkọ̀wé ẹ̀fẹ̀ kò gba ohunkóhun gbọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n bá fi hàn án, ó ní eré ni. Fún ọdún pípẹ́, ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ méjì péré, Puhung àti Yonggwang, ni wọ́n máa ń mú àlejò dé. Láti ibẹ̀ ni àwọn kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ pé kò sí ibùdó mìíràn, pé òṣèré ni gbogbo èrò tí ó wà nínú ọkọ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n ṣí àwọn ibùdó yòókù fún àlejò, ó sì hàn pé àwọn ará Pyongyang ń wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni.

Àṣìṣe yìí ní ẹ̀kọ́ nínú. Ẹni tí ó gba gbogbo rẹ̀ gbọ́ àti ẹni tí ó sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, àìbéèrè ni ó ba tàwọn méjèèjì jẹ́. Ní àwùjọ Yorùbá, gbogbo àgbàlagbà tí ó wà lójú agbo ni ó mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ nínú ẹ̀kú egúngún. Ẹni tí ó bá dìde tí ó ké pé òun ti rí ẹsẹ̀ ènìyàn kò sọ ohun tuntun kan. Ohun tí òǹwòran tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń wò ni bí ó ti ń jó, ohun tí ó ń sọ, àti ẹni tí ó ń sọ ọ́ fún. Ó tó kí á fi àfiwé náà mọ síbẹ̀, nítorí pé àwùjọ ni ó fọwọ́ sí eré egúngún, nígbà tí ó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni ó mú ọ̀pọ̀lọpọ̀ eré Pyongyang dúró. Síbẹ̀, ó ràn wá lọ́wọ́ láti rí ibi tí ẹ̀fẹ̀ ti kùnà: ó ń fọ́nnu pé òun mọ ohun tí kò fara sin fún ẹnikẹ́ni, kò sì wo ojú ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ.

4. Guy Delisle: Amọ̀nà gẹ́gẹ́ bí Ẹni Ẹ̀rín

Delisle, ọmọ Quebec ní Kánádà, kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́ gan-an. Iṣẹ́ kàtúùnù fún tẹlifíṣọ̀n Faransé, tí wọ́n gbé fún àwọn ayàwòrán Pyongyang nítorí owó pọ́ọ́kú, ni ó lọ bójú tó fún oṣù méjì. Ṣùgbọ́n bí arìnrìn-àjò afẹ́ náà ni wọ́n ṣe mú un: amọ̀nà kan, ògbufọ̀ kan, hòtẹ́ẹ̀lì àwọn àlejò lórí erékùṣù láàrin odò Taedong, àti ère ní àkọ́dé.

Agbára ìwé náà wà nínú àwòrán rẹ̀. Dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú ni ó fi yà á, ó sì mọ bí a ti ń fi gbọ̀ngàn tí ó ṣófo sọ̀rọ̀. Ó tún mọ bí a ti ń fi ara ẹni ṣe yẹ̀yẹ́. Delisle inú ìwé náà ń ráhùn, ó ń ṣe wọ́-wọ́-wọ́, ó ń wá ọtí. Kò fi ara rẹ̀ hàn bí akọni. Òótọ́ inú ni èyí, ó sì yẹ kí a yìn ín fún un.

Ibi tí ìṣòro wà ni bí ó ti ń lo àwọn tí ń tọ́ ọ sọ́nà. Ó ṣàkíyèsí pé òun kò rí aláàbọ̀ ara kankan ní ìgboro, ó sì béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pé ara le ni wọ́n ń bí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ó ṣe kàyéfì bóyá ẹni tí ó dáhùn gba ohun tí ó sọ gbọ́, ó sì kọjá síwájú. Ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ jù nínú ìwé náà nìyẹn, òǹkọ̀wé kò sì dúró tì í. Kí ni ènìyàn ń rò nígbà tí ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún àlejò, lọ́jọ́ dé ọjọ́? Delisle tún gbé ìwé ìtàn àròsọ George Orwell, 1984, dání wọ ìlú náà, ó sì yá ọ̀kan nínú àwọn tí ń tọ́ ọ sọ́nà. Òǹkàwé ní Yúróòpù yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ó mọ ohun tí ó wà nínú ìwé náà. Ẹni tí a yá ní ìwé kò sí ní ipò láti rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá bá ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àlejò, wọn yóò lé e lọ sílé. Bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ ọmọ ìlú, kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò parí sí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìwé náà mọ̀ nípa ewu yìí, ṣùgbọ́n bí ohun èlò àwàdà ni ó ṣe lò ó.

5. Vitaly Mansky: Amọ̀nà gẹ́gẹ́ bí Olùdarí

Fíìmù Mansky gbé amọ̀nà sí ipò tí kò sí ìwé kan tí ó gbé e sí rí. Àwọn aláṣẹ Kòríà Àríwá ni wọ́n kọ ìtàn tí fíìmù náà yóò tẹ̀ lé: ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé, tí í ṣe ẹgbẹ́ ìjọba. Àwọn ni wọ́n yan ìdílé náà, àwọn ni wọ́n sì yan ibi tí wọn yóò ti ya fíìmù. Wọ́n tilẹ̀ yí iṣẹ́ àwọn òbí ọmọ náà padà fún ìtàn: oníṣẹ́ ìròyìn ni Mansky ní bàbá rẹ̀ jẹ́, fíìmù sì sọ ọ́ di ẹlẹ́rọ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ. Ohun tí Mansky ṣe ni pé kò pa kámẹ́rà láàrin ìran kan àti èkejì, ó sì fi ẹ̀dà àwòrán kan pamọ́ fún àwọn tí ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Nípa bẹ́ẹ̀, òǹwòran rí àwọn amọ̀nà bí wọ́n ti ń wọlé, tí wọ́n ń sọ fún ìdílé tí ó jókòó ti oúnjẹ pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ, kí wọ́n sì túbọ̀ fi ayọ̀ sọ ọ́.

Ní ti ọgbọ́n ìsọ̀tàn, iṣẹ́ ńlá ni èyí. Mansky kò sọ fún ni pé eré ni. Ó fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ eré náà hàn. Ọmọdé kan tí oorun ń kùn bí ọ̀gágun àgbà ti ń sọ ìtàn ogun sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ojú ìwé kò lè sọ. Ní ìparí fíìmù náà, ọmọbìnrin náà bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí ó ronú nípa ohun tí ó dára, kò sì rí ọ̀kan mú. Nígbà tí ó yá, ẹ̀jẹ́ ẹgbẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ojú lọ̀rọ̀ wà: òǹwòran tí kò gbọ́ èdè Kòríà rárá yóò ti lóye kí ó tó ka àkọlé ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni ó san owó ìran náà? Ọmọ ọdún mẹ́jọ kò fọwọ́ sí àdéhùn kankan. Àwọn òbí rẹ̀ fọwọ́ sí fíìmù kan, wọ́n sì bá ara wọn nínú òmíràn. Àwọn amọ̀nà tí ojú wọn hàn gbangba ni ìjọba wọn yóò bi léèrè bí ó ṣe jẹ́ tí kámẹ́rà fi ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wọn. Ìjọba Kòríà Àríwá fi ẹ̀hónú hàn sí ìjọba Rọ́ṣíà, ó sì fẹ́ kí wọ́n dá fíìmù náà dúró. Lámèyítọ́ tí ó bá yin iṣẹ́ yìí láìdárúkọ iye tí wọ́n rà á kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ó bá bú Mansky láìgbà pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí a fi lè rí ohun tí ó fi hàn wá. Bébà yìí kò ní ìdáhùn tí yóò mú ọ̀rọ̀ náà rọrùn.

6. Michael Palin: Amọ̀nà gẹ́gẹ́ bí Ẹni

Palin, tí ayé mọ̀ sí aláwàdà, lọ sí Kòríà Àríwá ní ìgbà ìrúwé ọdún 2018. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ọjọ́ ìbí ọdún 75 rẹ̀. Ìrìn-àjò rẹ̀ kò ní àṣírí kankan tí ó tú. Àwọn ibi tí ó dé kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Àwọn kan sì ti fi ẹ̀sùn kàn án pé ó tutù jù, pé kò béèrè nípa àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n tí a fòye mọ̀ pé ó wà.

Ẹ̀sùn náà ní ìtumọ̀. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kò sí nínú ti Delisle. Ó bi obìnrin tí ń tọ́ ọ sọ́nà léèrè, ní gbangba, níwájú kámẹ́rà tí àwọn méjèèjì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, nípa bí àwọn ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe àríwísí àwọn olórí wọn. Èsì obìnrin náà ni pé olórí tiwọn kì í ṣe ẹnì kan lásán, pé gbogbo ènìyàn ni ó dúró fún, wọn kò sì lè máa ṣe àríwísí ara wọn. Bí a bá fi ojú ẹ̀fẹ̀ wo èsì yìí, ọ̀rọ̀ àkọ́sórí ni. Bí a bá wò ó dáadáa, àlàyé pípé ni lórí bí ìjọba náà ṣe ń ronú, láti ẹnu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, ní ọ̀nà tí kò lè kó bá a. Palin kò rẹ́rìn-ín sí i, kò sì gbà fún un. Ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró kí òǹwòran gbé e yẹ̀ wò.

7. Àtakò Kan

Ẹnì kan lè sọ pé bí òǹkọ̀wé bá ń ro ti amọ̀nà, ó ti ń bá ìjọba ṣiṣẹ́. Ìjọba ni ó fi amọ̀nà síbẹ̀ bí ohun ìdógò, kí àánú rẹ̀ lè pa àlejò lẹ́nu mọ́. Àtakò yìí lágbára. Ẹni tí ó fìyà jẹ amọ̀nà ni ó jẹ̀bi ìyà náà, kì í ṣe ẹni tí ó kọ̀wé. Ṣùgbọ́n Gide fi hàn ní 1936 pé ènìyàn lè tako ìjọba tí ó gbà á lálejò láìfi ọ̀rọ̀ náà kọ́ ọrùn ẹni tí ó gbé àpótí rẹ̀. Ìyà tí ìwé náà mú wá, òun fúnra rẹ̀ ni ó jẹ ẹ́, nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kẹ̀yìn sí i.

Àtakò náà tún gbà láìwádìí pé àlejò rí òtítọ́ tí ó ń pa mọ́. Ìwé Monica Macias, tí ó jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2023, jẹ́ ká ṣe iyèméjì. Ọmọ Francisco Macías Nguema, ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Equatorial Guinea, ni. Ọmọdé ni nígbà tí ó dé Pyongyang ní 1979, ní ọdún tí wọ́n pa bàbá rẹ̀, ó sì gbé ibẹ̀ títí di 1994. Èdè Kòríà di èdè rẹ̀ débi pé ó gbàgbé èdè Spéìnì tí ó bá wá. Òǹkàwé lè fura pé ìmoore fún Kim Il Sung tí ó gbà á tọ́ wà nínú ohun tí ó kọ. Ṣùgbọ́n àwọn ará Pyongyang inú ìwé rẹ̀ ń jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣe àgàbàgebè, wọ́n ń ṣe ọ̀rẹ́, bí àwọn ènìyàn ibi gbogbo. Ìwọ̀nba ọjọ́ tí arìnrìn-àjò ń lò láàrin bọ́ọ̀sì àti ère kò lè fún un ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

8. Ìkádìí

Ní oṣù kejì ọdún 2024 ni àwọn arìnrìn-àjò láti Rọ́ṣíà tún kọ́kọ́ wọ Kòríà Àríwá lẹ́yìn àrùn COVID-19. Ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n ṣí agbègbè Rason fún àwọn ará Yúróòpù díẹ̀, wọ́n sì tún tì í láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Inú ìwé àti fíìmù nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ti mọ orílẹ̀-èdè náà fún ìgbà pípẹ́, èyí sì sọ iṣẹ́ lámèyítọ́ di ọ̀ranyàn.

Nínú àwọn iṣẹ́ mẹ́ta tí a yẹ̀ wò, ti Mansky ni ó fi ohun tí ó pọ̀ jù hàn, òun náà ni ó sì ná àwọn ẹlòmíràn ní ohun tí ó pọ̀ jù. Ti Delisle ni ó dùn ún kà jù, ṣùgbọ́n ó ra díẹ̀ nínú ẹ̀rín rẹ̀ pẹ̀lú ewu ẹlòmíràn. Ti Palin ni ó jẹ́jẹ̀ẹ́ jù, òun nìkan sì ni ó jẹ́ kí amọ̀nà parí gbólóhùn rẹ̀. Kò sí èyí tí ó pé. Nígbà tí ìwé mìíràn bá tún jáde nípa irú ìrìn-àjò yìí, ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ wá amọ̀nà rí nínú rẹ̀, kí ó wo ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu, ẹni tí ó fi í sí i, àti bóyá òǹkọ̀wé rántí pé ẹni náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ti gbé àlejò lọ.